Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn àti Ara Àgbà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa, Ẹ̀ka Ìbàdàn, ní Bódìjà)

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn àgbà. Nítorí pé iṣẹ́ oògùn ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mo rò ó pé ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ mi mọ sí ibi tí mo mọ̀. Èmi kò ní sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, nítorí àwọn wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Ohun tí mo fẹ́ mẹ́nu bà ni oògùn kan tí ó ti wọ inú ilé wa láìpariwo, tí ọ̀pọ̀ àgbà ń lò láìmọ orúkọ rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ti ń lò ó fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá láìsí ẹni tí ó tún bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Èyí ni oògùn tí a fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń gbé ní ìlú Ìbàdàn yìí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà dá Bódìjà sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ara wọn ṣì le koko ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn kọ́lé sí Ring Road àti Challenge, tí àwọn kan sì kọ́ ti wọn sí Agbowó lọ́ọ̀ọ́kán Yunifásítì. Àwọn ilé náà ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ níbẹ̀ ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston àti ní Toronto. Ẹ óò rí ilé oníyàrá mẹ́fà tí ó jẹ́ pé ìyá arúgbó kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan ni wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Ẹ óò rí bàbá tí ó ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, tí kò ní ẹni tí yóò bá a ta ayò ní ìrọ̀lẹ́. Nínú agbo ilé ìgbà àtijọ́, àgbà kì í dá jẹun. Lónìí, orí fóònù ni àgbà ti ń gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ rẹ̀, nígbà tí ó bá sì gbé fóònù náà sílẹ̀, ilé a tún dákẹ́ lọ gbári.

Kí ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn? Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìbànújẹ́, tàbí tí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò bá dùn mọ́ ọn mọ́, tí èyí sì ń bá a lọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun rẹ̀ dàrú, tí oúnjẹ kò wù ú, tí agbára rẹ̀ kò gbé nǹkan, tí ó ń rò pé òun kò wúlò mọ́, àìsàn ni ó ń ṣe é. Àwọn àgbà wa kì í sábà sọ pé, “Inú mi bàjẹ́.” Ohun tí wọn yóò sọ ni pé orí wọn ń gbóná, pé nǹkan ń rìn wọ́n lára, pé àyà wọn ń já, pé oorun kò kùn wọ́n. Nítorí náà ni a ṣe máa ń fún wọn ní oògùn ibà tàbí oògùn ara ríro, tí àìsàn gan-an yóò sì wà níbi tí ó wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìsàn òyìnbó ni èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ọjọ́ ogbó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá. Àwọn àgbà 2,152 tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé nínú 100 àgbà, bíi 7 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gidi ti ṣe láàárín ọdún kan ṣoṣo, àti pé bíi 26 ni ó ti ṣe rí ní ìgbà kan nínú ayé wọn. Ẹ wo iye àgbà tí ó jókòó sí gbọ̀ngàn yìí, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Àwọn oògùn tí a ń sọ yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n ń fi iproniazid wo ikọ́ ẹ̀gbẹ fún ń túra ká lọ́nà tí kò ṣeé fi ojú fò dá. Ní 1957, Roland Kuhn, dókítà ará Switzerland, kéde ohun tí ó rí lára imipramine. Amitriptyline tẹ̀lé e ní 1961. Fluoxetine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Prozac, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ìparí 1987, sertraline àti citalopram sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ kí ẹ pín wọn sí: àwọn ti àtijọ́, bí amitriptyline àti imipramine, àti àwọn ti ìsinsìnyí, bí fluoxetine, sertraline, citalopram àti escitalopram.

Pé oògùn tí a lò fún ohun kan lè ṣe ohun mìíràn nínú orí ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní ilẹ̀ wa. Gbogbo yín ni ẹ mọ igi asofẹ́yẹjẹ. Àwọn baba wa ń fi egbò rẹ̀ mú kí ara ẹni tí orí rẹ̀ dàrú balẹ̀, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní ìparí àwọn ọdún 1950, sì kọ ìwé lórí rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú igi náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní reserpine. Wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru kárí ayé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ìbànújẹ́ ńlá ń bá àwọn kan nínú àwọn tí ń lò ó. Oògùn kan náà tí ó rọ ẹ̀jẹ̀ lójú ni ó rẹ ọkàn sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí kò sí oògùn tí kò ní ojú méjì.

Èé ṣe tí ọ̀rọ̀ àgbà fi yàtọ̀? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín arúgbó kì í yára lé oògùn jáde mọ́ bí ti ọ̀dọ́. Ìwọ̀n tí ó tọ́ fún ẹni ọgbọ̀n ọdún lè pọ̀ jù fún ẹni ọdún 75. Ìdí kejì ni pé àgbà kì í lo oògùn kan ṣoṣo. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ti àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ti orúnkún wà níbẹ̀, àgbo sì tún wà nínú ìgò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìdí kẹta ni pé ara tí ó ti rẹ̀ kò ní àyè láti gba àṣìṣe. Ọ̀dọ́ tí ó bá ṣubú yóò dìde, yóò gbọn eruku nù. Àgbà tí ó bá ṣubú lè má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni ìṣubú. Àwọn oògùn ti àtijọ́ a máa mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì bí ènìyàn bá dìde nílẹ̀, òyì a sì gbé e. Àwọn ti ìsinsìnyí náà kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn yìí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí tọ ipasẹ̀ àwọn aláìsàn 60,746 tí wọ́n ti pé 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe. Ìròyìn wọn, tí ó jáde ní 2011, sọ pé ìṣubú àti egungun kíkán pọ̀ lára àwọn tí ń lo àwọn oògùn náà ju ti ìgbà tí wọn kò lò ó lọ, pé àwọn ti ìsinsìnyí kò sì sàn ju ti àtijọ́ nínú èyí. Ìwádìí irú èyí kò lè sọ pé oògùn nìkan ni ó fà á, nítorí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù ni ó sábà ń gba oògùn. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ ni. Ẹ wá ro ti ilé wa: kò sí iná mànàmáná lóru, ìtọ̀ ń gbọ̀n bàbá, àkàsọ̀ kò ní ohun ìfọwọ́dì mú, gọ́tà sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Egungun ìbàdí tí ó bá kán lọ́jọ́ ogbó, ọ̀ràn ńlá ni.

Èkejì ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn oògùn ti ìsinsìnyí a máa jẹ́ kí ara àgbà dá omi dúró ju bí ó ti yẹ lọ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ a sì dínkù. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn, ṣùgbọ́n ó lè yọjú nígbà mìíràn pẹ̀lú. Ewu rẹ̀ pọ̀ sí i bí aláìsàn bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀, irú Moduretic tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Àárẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà orí fífọ́, ìríra oúnjẹ, ọ̀rọ̀ a sì dàrú lẹ́nu. Bí ó bá le, gìrì lè mú ènìyàn. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ yóò rò pé ogbó ni, tàbí pé ayé ni, nígbà tí ó jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn. Àwọn oògùn ti ìsinsìnyí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí a bá wá fi aspirin, ibuprofen, diclofenac tàbí Feldene lé e, ewu náà a di ìlọ́po. Ta ni nínú àwọn àgbà wa tí kì í lo oògùn orúnkún àti ti ẹ̀yìn? Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, kí a má ṣe dúró di ọ̀la.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti amitriptyline àti àwọn ará rẹ̀. Wọn a máa gbẹ ẹnu, wọn a máa dí ìgbẹ́, wọn a sì máa dí ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin tí prostate rẹ̀ ti wú. Wọ́n léwu fún ẹni tí ó ní oríṣi glaucoma kan, wọ́n sì lè da ìlù ọkàn rú. Wọn a tún máa kun ọpọlọ lóorun, kí àgbà máa ṣe bí ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà. Láti 1991 ni Mark Beers, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ àkójọ àwọn oògùn tí ó yẹ kí a máa yẹra fún lára àwọn àgbà, amitriptyline sì wà nínú àkójọ náà títí di òní. Síbẹ̀, òun ni ó wọ́pọ̀ jù nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, a sì tún ń fún ni nítorí oorun àti nítorí ẹsẹ̀ tí ń ta ni bí iná. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè máa lò ó.

Ẹ̀karùn-ún ni ti ìgbàgbé. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Gẹ̀ẹ́sì ròyìn pé láàárín àwọn tí wọ́n ti lo irú àwọn oògùn tí ń gbẹ ẹnu bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n tí ó tó ti ọdún mẹ́ta lójoojúmọ́, àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó fi bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá pọ̀ ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Èmi kò sọ pé oògùn ni ó dá àrùn náà sílẹ̀, nítorí pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúnra rẹ̀ lè jẹ́ àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí ni a fẹ́ fi ọ̀nà tí ẹ̀gún wà nínú rẹ̀ ṣe?

Ẹ̀kẹfà, citalopram tí ó bá pọ̀ jù lè da ìlù ọkàn rú. Nítorí ìdí èyí ni àjọ oògùn Amẹ́ríkà fi sọ ní 2012 pé kí ẹni tí ó ti kọjá ọmọ ọdún 60 má ṣe lò ju 20 mílígíráàmù lójúmọ́ lọ. Bákan náà, kí ẹni tí ń lo èyíkéyìí nínú àwọn oògùn wọ̀nyí má ṣe fi tramadol kún un láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i, nítorí àwọn méjèèjì lè para pọ̀ kí ara máa gbọ̀n, kí ó gbóná, kí ọkàn sì pòrúurùu.

Mo rí i lójú àwọn kan nínú yín pé wọ́n ti pinnu láti da oògùn wọn sínú gọ́tà bí a bá ti jáde níbí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹni tí ó bá ti lo oògùn yìí pẹ́, tí ó sì dá a dúró lójijì, òyì yóò kọ́ ọ, oorun yóò dá, ẹ̀rù yóò máa bà á, àwọn mìíràn a sì sọ pé ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé iná mànàmáná ń gbé àwọn lórí. Dídín ni a ń dín in, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù, lábẹ́ ojú dókítà. Lẹ́yìn èyí, àìsàn náà lè padà. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2021, àwọn 478 tí wọ́n ti ń lo oògùn pẹ́, tí ara wọn sì ti yá, ni a pín sí méjì. Láàárín ọdún kan, àìsàn padà sára 56 nínú 100 àwọn tí a dá tiwọn dúró, ó sì padà sára 39 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń lò ó lọ. Ohun méjì ni èyí kọ́ wa: oògùn náà ń ṣe iṣẹ́, àti pé ọ̀pọ̀ wà tí wọ́n lè fi í sílẹ̀ láìséwu. Ta ni yóò mọ ìyàtọ̀? Dókítà tí ó bá ń rí aláìsàn ni, kì í ṣe ọmọ tí ń ta oògùn ní Dùgbẹ̀, kì í sì í ṣe aládùúgbò tí ó lo irú rẹ̀ rí.

Kí a má sì gbàgbé pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí a kò tọ́jú ń pa ènìyàn. Àgbà tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kò ní jẹun, kò ní lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sì lè máa wá ọ̀nà àtikú. Ẹni tí oògùn gbà lọ́wọ́ irú ikú bẹ́ẹ̀ kò jẹ gbèsè ìtìjú fún ẹnikẹ́ni. Àní òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti yí padà: ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí ó rọ́pò òfin wèrè tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Fún àwọn àgbà wa: ẹ mọ orúkọ oògùn tí ẹ ń lò àti ìdí tí ẹ fi ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ní ìjókòó àti ní ìdúró, kí wọ́n sì yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà wà ní UCH láti ọdún 2012. Kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Bí àìsàn náà kò bá tíì le, oògùn kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé bí a ti ń fi ìjíròrò bá aláìsàn tú ìṣòro rẹ̀ ní ìdí kọ̀ọ̀kan, ìròyìn tí wọ́n sì gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ara ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a tọ́jú ni ó yá kí ọdún kan tó pé.

Fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà lókè òkun: bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, a kò sì kóyán yín kéré. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe máa di oògùn yìí sínú àpótí ẹni tí ń bọ̀ wálé láìsí ìwé dókítà. Bí ó bá tán lójijì ńkọ́? Bí ẹni tí ń bọ̀ kò bá tètè bọ̀ ńkọ́? Owó tí ẹ fẹ́ fi rà á, ẹ fi san owó dókítà níbí, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti owó ohun ìfọwọ́dì mú sí àkàsọ̀ àti sí ilé ìwẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń pè, ẹ má ṣe béèrè pé, “Ṣé ẹ ti lo oògùn?” nìkan. Ẹ bèèrè pé, “Ta ni ó wá kí yín lónìí?”

Fún ẹgbẹ́ wa, àbá méjì ni mo gbé síwájú Alága. Àkọ́kọ́, kí àwọn nọ́ọ̀sì àti apòògùn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú máa tẹ́ tábìlì kan ní gbogbo ìpàdé ńlá wa, kí àgbà kọ̀ọ̀kan kó gbogbo oògùn rẹ̀ wá sínú àpò kan, títí kan àgbo, kí a kọ wọ́n sílẹ̀, kí a sì fi ìwé náà rán an sí dókítà rẹ̀. Èkejì, kí a pín ara wa sí àdúgbò: Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge, kí ẹnì kan má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìkan ilẹ̀kùn àgbà tí ń dá gbé ní àdúgbò rẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. A ti dá owó fún ọ̀nà, a ti dá owó fún ilé ẹ̀kọ́. Àbá kejì yìí kò ní ná wa ju ìrìn ẹsẹ̀ àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà ara àti ti ọkàn jíǹkí àwọn àgbà wa, kí ó sì jẹ́ kí àwa náà dàgbà, kí a rí ẹni tọ́jú wa. Ìlú wa kò ní bàjẹ́ o.